Ṣé òdo lọ́nà àìlópin ló di -1? Ìdáhùn lórí ìlà òòró àti limit apá kan

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Ìbarà ni mo ń gbé ní Abẹ́òkúta níbí, èmi ni mo sì ń kọ́ àbúrò mi ní ìṣirò nírọ̀lẹ́, torí ó fẹ́ ṣe WAEC àti JAMB. Wọ́n kọ́ ọ níléèwé pé tí ìlà méjì bá pàdé ní dígíríì 90, tí a bá fi slope ọ̀kan lọ́nà slope èkejì, -1 la máa rí. Ó wá bi mí pé: ìlà ìbú àti ìlà òòró ńkọ́? Dígíríì 90 làwọn náà fi pàdé. Slope ìlà ìbú jẹ́ òdo, wọ́n sì ní ti ìlà òòró jẹ́ àìlópin. Ṣé òdo lọ́nà àìlópin ló wá di -1 ni? Mi ò rí nǹkan kan sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló dé orí limit, ìyẹn iye tí nǹkan ń sún mọ́, ìwé rẹ̀ sọ pé 1/x kò ní limit ní òdo. Òun ní ṣé kì í ṣe àìlópin náà ni? Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò kékeré tí wọ́n ń gbé sórí nọ́ńbà lábẹ́ limit? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi kí n lè là á yé e.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ olùkọ́. Bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa, nítorí ìbéèrè tó bi ọ́ jinlẹ̀ ju ìwé tó ń kà lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń há òfin -1 sórí, tí wọ́n á gba máàkì wọn, tí wọn ò sì ní bi ara wọn rí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìlà òòró. Òun bi. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kó ṣáà máa há a lọ.

Ìbéèrè méjì lo rò pé o bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni lójú tèmi. Ibi tí slope ìlà òòró ti dàrú àti ibi tí 1/x ti dàrú, ibì kan náà ni: a fẹ́ fi òdo pín nǹkan. Tí ìṣirò bá gbé wa dé irú ibẹ̀, a kì í béèrè mọ́ pé kí ló wà níbẹ̀ gan-an. Ohun tí a máa béèrè ni pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí a ṣe ń sún mọ́ ọn, a ó sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan láti òsì, lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀tún. Ìdáhùn méjèèjì lè bá ara wọn mu, wọ́n sì lè máa ta ko ara wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí -1 ti wá.

Slope ni iye tí ìlà fi gòkè fún ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé lọ sí ọ̀tún. Tí ìlà bá kúrò ní àmì (1, 2) tó dé (4, 8), ó rin 3 lọ sí ọ̀tún, ó gun 6 sókè. Fi 3 pín 6, slope rẹ̀ jẹ́ 2. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ọ̀tún, slope rẹ̀ á ní àmì ìyọkúrò. Tí kò bá gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀, òdo ni. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ń gbé ọ síwájú bó ṣe ń gbé ọ sókè, torí náà ó ní slope. Ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà níbẹ̀ ń gbé ọ sókè láì gbé ọ síwájú rárá. Ìrìn rẹ̀ sí ọ̀tún jẹ́ òdo. Fi ẹ̀rọ yẹn sọ́kàn díẹ̀.

Ẹ mú pépà gíráàfù báyìí, ìwọ àti òun. Láti orísun, ìyẹn (0, 0), ẹ fa ìlà dé (3, 2). Slope rẹ̀ jẹ́ 2/3. Ẹ fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orísun lọ sí (3, 0), kí ẹ sì fa òmíràn láti ibẹ̀ gòkè lọ bá (3, 2), kó lè di onígun mẹ́ta. Ẹ fi ìka tẹ orísun mọ́lẹ̀, ẹ wá yí pépà náà sí òsì títí tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fi wá sí ọ̀tún yín. Ẹ wo onígun mẹ́ta yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn ní 3, tó sùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti dìde dúró. Èyí tó gùn ní 2, tó dúró tẹ́lẹ̀, ti sùn, ó sì na ara rẹ̀ sí òsì. Ibi tí orí ìlà wa wà báyìí, tí ẹ bá kà á bí ẹni pé pépà kò yí, ni (-2, 3). Ó gun 3, ó rin -2. Slope rẹ̀ jẹ́ -3/2. Ẹ fi 2/3 lọ́nà -3/2, -1 ló jáde.

Kò sí ohun pàtàkì kankan lára 3 àti 2. Ẹ fi a àti b rọ́pò wọn: àmì (a, b) á yí di (-b, a), slope b/a á di -a/b, òkè á pa ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á pa òkè, àmì ìyọkúrò nìkan ló máa ṣẹ́kù pẹ̀lú 1. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń rántí pé kí wọ́n dojú ìdá náà dé, tí wọ́n á gbàgbé àmì ìyọkúrò. Sọ ìdí rẹ̀ fún àbúrò rẹ, kò ní gbàgbé mọ́: tí ìlà méjì bá jọ ń gòkè lọ sí ọ̀tún, igun tó wà láàárín wọn kò lè tó 90 láéláé. Kó tó lè tó 90, bí ọ̀kan bá ń gòkè lọ sí ọ̀tún, èkejì gbọ́dọ̀ máa gòkè lọ sí òsì.

Tó bá ní ojú lásán kò tó ẹ̀rí, ẹ lo òfin Pythagoras lórí onígun mẹ́ta tó ní igun 90. Ẹ fa ìlà méjì láti orísun, slope ọ̀kan jẹ́ m, slope èkejì jẹ́ n. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rin ìṣísẹ̀ kan péré sí ọ̀tún. Èkíní á dé (1, m), èkejì á dé (1, n). Gígùn èkíní, tí a bá fi lọ́nà ara rẹ̀, jẹ́ 1 + m². Ti èkejì jẹ́ 1 + n². Òkè ara wọn ni àmì méjèèjì wà, nítorí náà ohun tó wà láàárín wọn jẹ́ m - n. Tí igun tó wà ní orísun bá jẹ́ 90, Pythagoras ní kí (m - n)² bá àròpọ̀ àwọn méjì yẹn dọ́gba:

m² - 2mn + n² = 2 + m² + n²

Ẹ yọ m² àti n² kúrò lápá méjèèjì, ó ku -2mn = 2, ìyẹn mn = -1. Ẹ lè tún gbà á láti ìsàlẹ̀ padà sókè: tí mn bá jẹ́ -1, igun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 90.

Ẹ padà lọ wo gbólóhùn kan nínú ẹ̀rí yẹn: "ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rin ìṣísẹ̀ kan sí ọ̀tún." Ìlà òòró kò lè rìn ín. Ẹ̀rọ Olúmọ yẹn ni. Bó ti wù kó ga tó, kò ní dé ibi tí x ti jẹ́ 1 láéláé. Torí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni òfin -1 ti yọ ìlà òòró sílẹ̀. Ìwé tó bá kọ òfin yìí dáadáa á fi kún un pé "bí ìkankan nínú méjèèjì kò bá jẹ́ ìlà òòró." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò tí wọ́n bá ń kọ ọ́ sójú pátákó, àìsí rẹ̀ ló sì bí ìbéèrè àbúrò rẹ.

Òfin míì wà tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n, torí ó tún yá ju ti slope lọ nínú ìdánwò. Ká ní wọ́n ní kó wá ìlà tó gba (4, 1) kọjá, tó sì pàdé 2x + 3y = 6 ní dígíríì 90. Ọ̀nà iléèwé ni pé kó gbé y sí apá kan, kó rí slope -2/3, kó dojú rẹ̀ dé, kó pààrọ̀ àmì, kó di 3/2, kó wá kọ y - 1 = 3/2 (x - 4), kó tò ó títí tó fi máa di 3x - 2y = 10. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo 2 àti 3 níbẹ̀rẹ̀, ẹ tún wo 3 àti -2 níparí. Nọ́ńbà iwájú x àti ti iwájú y ti pààrọ̀ ipò, ọ̀kan sì ti yí àmì padà. Kó kàn kọ 3x - 2y, kó fi (4, 1) sínú rẹ̀, 12 - 2 jẹ́ 10, iṣẹ́ parí. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ìlà ax + by = c àti ìlà px + qy = r pàdé ní 90 bí ap + bq bá jẹ́ òdo. Ẹ wá fi dán ìlà òòró x = 4 wò pẹ̀lú ìlà ìbú y = 1. Ti àkọ́kọ́, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1 àti 0. Ti ìkejì, 0 àti 1. 1 lọ́nà 0, fi 0 lọ́nà 1 kún un, òdo ni. Wọ́n pàdé ní 90, a ò sì dárúkọ àìlópin rárá.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún kí n tó kúrò níbẹ̀. Bí ìdánwò bá ní kí ẹ lo séǹtímítà 2 fún 1 lórí x, àti séǹtímítà 2 fún 5 lórí y, ìlà méjì tó pàdé ní 90 nínú ìṣirò kò ní jọ 90 lójú pépà. Kí ọmọ má fi ẹ̀rọ ìwọn-igun wọ̀n ọ́ kó wá pa ìdáhùn tó tọ́ rẹ́. Iye tó jáde nínú ìṣirò ni kó gbàgbọ́.

Ó wá kan òdo lọ́nà àìlópin. Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan tó gba orísun kọjá, ká máa gbé e dìde díẹ̀díẹ̀, ká sì máa wo slope rẹ̀ pẹ̀lú slope ìlà tó pàdé rẹ̀ ní 90. Tí ìlà wa bá ga ní dígíríì 80, slope rẹ̀ jẹ́ bíi 5.67, ti ẹnìkejì rẹ̀ jẹ́ bíi -0.176. Ní dígíríì 89, 57.29 àti -0.01746. Ní dígíríì 89.9, 572.96 àti -0.001745. Ẹ fi ìkọ̀ọ̀kan lọ́nà ìkejì rẹ̀, -1 ni gbogbo wọn. Tí ẹ bá rí ìyàtọ̀ bíńtín, torí pé mo gé nọ́ńbà wọ̀nyẹn kúrú ni. Ìkíní ń pọ̀ sí i láìdúró, ìkejì ń lọ sí òdo, síbẹ̀ -1 kò yẹ̀.

Ẹ wá gbé ìlà náà kọjá 90, kó lọ sí dígíríì 91. Ó ti fẹ̀yìn tì sí òsì báyìí. Slope rẹ̀ jẹ́ -57.29. Ẹ wò ó dáadáa: dígíríì 89 àti 91, ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fi ìyàtọ̀ sí wọn, àwọn méjèèjì súnmọ́ ìlà òòró bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń sọ pé 57, èkejì ń sọ pé -57. Ní 89.9 àti 90.1, 573 àti -573 ni. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ara wọn lójú ni nọ́ńbà wọn ń jìnnà síra. Tí a bá gba apá kan dé ìlà òòró, slope ń lọ sí àìlópin lókè. Tí a bá gba apá kejì, ó ń lọ sí àìlópin nísàlẹ̀. Ìlà òòró kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èwo nínú méjèèjì la fẹ́ fún un? Kò sí ìdí kankan tí a fi lè yan ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìlà òòró kò ní slope. Ẹni tó bá sọ pé slope rẹ̀ jẹ́ àìlópin, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Torí náà, èsì ìbéèrè àbúrò rẹ ni pé rárá, òdo lọ́nà àìlópin kò di -1. Kò di nǹkan kan, torí àìlópin kì í ṣe nọ́ńbà tí a lè fi lọ́nà nǹkan. Ohun tó jẹ́ òótọ́ ni pé ní gbogbo ibi tó súnmọ́ 90, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, slope méjèèjì lọ́nà ara wọn jẹ́ -1, nítorí náà limit ohun tí wọ́n jọ bí jẹ́ -1. A kò gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, ká wá limit ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká tó padà wá fi wọ́n lọ́nà ara wọn. Kí ó lè rí ewu tó wà níbẹ̀, ní kó mú x kékeré kan tó ju òdo lọ, tó ń lọ sí òdo. x lọ sí òdo, 1/x lọ sí àìlópin, x lọ́nà 1/x jẹ́ 1. Kó fi 5/x rọ́pò 1/x, ìyẹn náà lọ sí àìlópin, ṣùgbọ́n x lọ́nà 5/x jẹ́ 5. Kó fi x² rọ́pò x níwájú 1/x, ohun tó máa rí ni x, ó sì ń lọ sí òdo. Nǹkan mẹ́ta tó jọ "òdo lọ́nà àìlópin," èsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní báyìí tí ó ti rí ohun tí òsì àti ọ̀tún lè ṣe, ọ̀rọ̀ limit kò ní ṣòro fún un mọ́. Àmì ìyọkúrò kékeré tó wà lókè nọ́ńbà túmọ̀ sí pé a ń gba apá òsì bọ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ńbà tó kéré sí i. Àmì ìròpọ̀ túmọ̀ sí pé a ń gba apá ọ̀tún bọ̀, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tóbi jù ú lọ. Bí wọ́n bá kọ x → 3⁻, ó túmọ̀ sí 2.9, 2.99, 2.999. Kì í ṣe -3. Mo ti rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó fi -3 sínú ìdọ́gba níbi yìí, tí ìyókù iṣẹ́ wọn sì dára gan-an. Bákan náà, x → -2⁺ túmọ̀ sí -1.9, -1.99, -1.999, torí àwọn wọ̀nyẹn ló wà lápá ọ̀tún -2. Kó fa ìlà nọ́ńbà sétí ìwé rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ìka tọ́ka sí apá tó ń gbà bọ̀.

Ká mú àpẹẹrẹ tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Nínú ìlànà CBN ti ọdún 2020, tí o bá fi owó ránṣẹ́ láti bánkì kan sí òmíràn lórí fóònù, bánkì á gba ₦10 tí owó náà kò bá ju ₦5,000 lọ. Tó bá ju ₦5,000 lọ títí dé ₦50,000, wọ́n á gba ₦25. Tó bá ju ₦50,000, ₦50 ni. VAT tí wọ́n ń fi kún un ló ń sọ ọ́ di ₦10.75, ₦26.88 àti ₦53.75. Ká fi VAT sílẹ̀. O lọ ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ò ń bá ìyá aláàdìrẹ náà ná an. Ẹ bá ara yín dé ₦4,900, owó bánkì jẹ́ ₦10. ₦4,990, ₦10. ₦4,999, ₦10. Limit apá òsì ní 5,000 jẹ́ 10. Tí ẹ bá wá ti òkè sọ̀kalẹ̀, ₦5,100, ₦25. ₦5,010, ₦25. ₦5,001, ₦25. Limit apá ọ̀tún jẹ́ 25. Apá méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan, nítorí náà owó bánkì yìí kò ní limit ní 5,000.

Àbúrò rẹ lè sọ pé, "Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ₦5,000 gẹ́lẹ́ ránṣẹ́, ₦10 ni wọ́n máa gbà, ó ṣe wá jẹ́ pé kò sí limit?" Kó má da méjèèjì pọ̀. Iye tó wà ní 5,000 gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, limit kò bi í. Limit kì í wo ojú ibẹ̀, agbègbè rẹ̀ ló ń wò. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: (x² - 9)/(x - 3) kò ní iye kankan ní 3, torí òdo lórí òdo ni, ṣùgbọ́n tí a bá gba òsì dé ibẹ̀, 5.9, 5.99, 5.999 la ń rí, tí a bá gba ọ̀tún, 6.1, 6.01, 6.001. Àwọn méjèèjì fẹnu kò lórí 6, nítorí náà limit rẹ̀ jẹ́ 6, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé ní 3.

Nípa 1/x, ó ti lè dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Láti ọ̀tún òdo, 1/0.1 jẹ́ 10, 1/0.01 jẹ́ 100, ó ń lọ sókè. Láti òsì, 1/(-0.1) jẹ́ -10, 1/(-0.01) jẹ́ -100, ó ń lọ sísàlẹ̀. Ohun tí ìlà òòró ṣe fún wa nìyẹn gẹ́lẹ́. A kò lè pè é ní àìlópin kan ṣoṣo. Ẹ fi 1/x² wé e: láti òsì, láti ọ̀tún, 100 àti 10,000 àti ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, méjèèjì ń lọ sókè. Níbẹ̀ ni àwọn ìwé ti máa ń kọ pé limit = ∞. Ó yẹ kó mọ̀ pé àpèjúwe ni àmì yẹn, ó ń sọ ohun tí 1/x² ń ṣe, kò sọ nọ́ńbà kan tó dé. Tí ìdánwò bá bi í pé ṣé limit wà, kó dáhùn pé kò sí nọ́ńbà tó jẹ́ limit rẹ̀, kó wá fi kún un pé ó ń lọ sí àìlópin lápá méjèèjì. Èsì tó kún nìyẹn.

Kí ó má rò pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Newton àti Leibniz ti ń fi calculus, ìyẹn ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, ṣiṣẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1600, iṣẹ́ náà ń jáde dáadáa, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń bi wọ́n pé nǹkan tó ń di òdo yìí, ṣé òdo ni àbí kì í ṣe òdo? Ọdún 1821 ni Augustin-Louis Cauchy, ará Faransé, gbé ìwé jáde tó fi limit ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ náà àwọn mìíràn ṣì ní láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ tó gba àwọn àgbà onímọ̀ ní ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, kò yẹ kí ojú ti ọmọ iléèwé pé kò yé òun lọ́jọ́ kan.

Ibì kan wà tí slope àti limit apá kan ti pàdé ní gbangba, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹ ya y = |x|, ìyẹn x láìka àmì iwájú rẹ̀ sí. Ó máa jọ lẹ́tà V, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní orísun. Kí ni slope rẹ̀ ní orísun? Ẹ rin h kékeré kúrò níbẹ̀, ẹ ó gun |h|, torí náà |h|/h lẹ ń wá. Láti ọ̀tún, 1 ni. Láti òsì, -1. Wọn kò bá ara wọn mu, nítorí náà V yìí kò ní slope ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ṣẹ́ kọ́dọ́rọ́. Ẹ wá fi slope méjèèjì lọ́nà ara wọn: 1 lọ́nà -1 jẹ́ -1. Apá V náà méjèèjì pàdé ní dígíríì 90. Ẹ gbé igun ìwé síbẹ̀, ó máa wọ̀ ọ́ géérégé, bí scale yín bá dọ́gba. Tó bá jẹ́ y = 2|x| lẹ yà, 2 lọ́nà -2 jẹ́ -4, ẹnu V á há ju 90 lọ.

Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ èyí tó lè jáde nínú ìdánwò, pàápàá ní Further Mathematics. Wọ́n á fún un ní ìtẹ̀ (ìlà tó tẹ̀) y = x², wọ́n á ní kó wá ìlà tó pàdé ìtẹ̀ náà ní 90 ní àmì kan. Calculus sọ fún wa pé slope ìtẹ̀ náà jẹ́ 2x. Ní (1, 1), 2 ni, nítorí náà slope ìlà tí a ń wá jẹ́ -1/2, ìdọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ x + 2y = 3. Kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní (0, 0) ńkọ́? Slope ìtẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ òdo, ẹni tó bá ti há "-1 lórí slope" sórí á kọ -1/0, á sì dúró síbẹ̀. Kó wo agbègbè: slope ìlà tí à ń wá jẹ́ -1/(2x). Bí x ṣe ń ti ọ̀tún lọ sí òdo, ó ń lọ sí àìlópin nísàlẹ̀. Bí x ṣe ń ti òsì lọ, ó ń lọ sí àìlópin lókè. Ohun tí ìlà tó ń dìde lọ sí òòró máa ń ṣe ni ó ń ṣe yẹn. Kó pa slope tì, kó kọ x = 0, kó fi gbólóhùn kan sọ ìdí rẹ̀ lábẹ́, kó kọjá sí ìbéèrè tó kàn.

Iṣẹ́ kan fún ẹ̀yin méjèèjì. f(x) jẹ́ 2x + 1 nígbà tí x bá kéré sí 1, ó sì jẹ́ kx láti 1 lọ sókè. Èkíní: k wo ló máa jẹ́ kí f ní limit ní 1? Ìkejì: k wo ló máa mú kí slope apá méjèèjì jẹ́ ti ìlà tó ń pàdé ní 90, ṣé limit ṣì wà ní 1 pẹ̀lú k yẹn, níbo sì ni ìlà méjèèjì ti máa pàdé bí a bá fa apá ọ̀tún gùn padà sẹ́yìn? Jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ṣe é láìjẹ́ pé o ràn án lọ́wọ́. Kó kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí o fi í ránṣẹ́ sí mi, màá kà á.